Èjí Tí Wọ́n Bá Mi Dí

Nínú gbogbo eyín tó kù sí mi lẹ́nu lónìí, mẹ́rin péré ló le bí òkúta, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà kì í sì í ṣe tèmi. Àwọn tí Ọlọ́run fún mi ti ń yẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí òyìnbó gbìn sí mi lẹ́nu kò mì rárá. Bí mo bá ń run orín láàárọ̀, tí igi bá kàn wọ́n, ìró wọn máa ń dún nínú agbárí mi, kò sì jọ ìró egungun. Mo ti dàgbà, mo ti padà sílé, mi ò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí n jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n máa rántí. Ìró yẹn ni í sábà bẹ̀rẹ̀ ìrántí náà.

Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, Ìdógùn ni bàbá mi ti lọ fẹ́ ẹ wá. Oyún mi kò tíì hàn síta nígbà tí igi wó lu bàbá mi lóko kòkó, tí ó sì kú. Kí ìyá mi tó bí mi ni àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Káyọ̀dé, ti sọ ọ́ síta pé oyún náà kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n òun, pé ibi tí obìnrin náà ti lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìdógùn ló ti gbé e wá. Wọn kò lé ìyá mi jáde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é ní ìyàwó ilé mọ́. "Obìnrin Ìdógùn" ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ń pín iṣu, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ni wọ́n máa ń rántí rẹ̀.

Nígbà tí eyín ọmọdé mi já, tí ti àgbà hù, àlàfo kan wà láàárín àwọn méjì tó wà níwájú lókè. Èjí ni. Bàbá tó jẹ́ olórí ilé nígbà náà ránṣẹ́ pè mí. Ó fi àtàǹpàkò gbé ètè mi sókè bí ẹni tó ń yẹ ẹnu ewúrẹ́ wò lọ́jà, ó wò ó pẹ́, ó sì sọ fún gbogbo àwọn tó jókòó pé, "Èjí ilé yìí nìyí. Bàbá rẹ̀ ní in, bàbá bàbá rẹ̀ ní in. Ẹ fi obìnrin náà lọ́rùn sílẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnu mi sinmi. Bí a bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, bí a bá pàdé ènìyàn lọ́nà oko, yóò fi ìka gún mi léjìká díẹ̀, yóò ní, "Rẹ́rìn-ín, kí wọ́n rí i." Bí ó bá jẹ́ Bàbá Káyọ̀dé ni ó ń kọjá, ohùn rẹ̀ máa ń dùn bí oyin: "Rẹ́rìn-ín fún bàbá rẹ." Mo di ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni gbogbo. Àwọn ọmọbìnrin fẹ́ràn èjí náà nígbà tó yá, èmi náà sì mọ̀ pé ó bá mi mu, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ìyá mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Òun ni ẹ̀rí rẹ̀. Òun nìkan ṣoṣo ló ní.

Ọdún kejì tí àwọn sójà tún gba ìjọba ni mo kúrò nílé. Mo ti gboyè ní yunifásítì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílé ẹ̀kọ́ girama kan l'Ọ́wọ̀, àwọn tíṣà sì ń fi àárọ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n ń fi ọ̀sán bi ara wọn bóyá ìjọba ti rántí wa. Ìyá mi kò sunkún lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Ó di àgbọ̀n mi mú, ó ní kí n rẹ́rìn-ín. Ó wò ó bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn, tó ń wò ó bóyá kọ́kọ́rọ́ mú.

Ó ní, "Bí mo bá kú, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ ni kí o sin mí sí. Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi padà sí Ìdógùn bí ẹrù tí wọn kò rà."

Mo ṣèlérí fún un. Bí ó ṣe rọrùn fún ọ̀dọ́ láti ṣèlérí nìyẹn.

* * *

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ilé tí mò ń gbé ní yàrá púpọ̀, ènìyàn sì wà nínú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀ mo pàdé ọkùnrin kan lórí àtẹ̀gùn, mo kí i. Ó bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí mò ń kí. Mo wá rẹ́rìn-ín sí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó yára wọ yàrá rẹ̀, mo sì gbọ́ tí ó yí kọ́kọ́rọ́. Mo dúró síbẹ̀, ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu mi, kò sẹ́ni tí n ó fi í fún.

Ìwé ẹ̀rí mi kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó ẹran màlúù sí nínú òtútù. Lórí ìkọ́ irin ni wọ́n ń fi àwọn ẹran náà kọ́, ìkọ́ náà ń rìn lórí irin gbọọrọ kan tó wà lókè, iṣẹ́ wa sì ni láti máa tì wọ́n láti ẹnu ọ̀nà dé ìpẹ̀kun ilé. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìtàn àwọn ọba, ìbàdí màlúù ni mò ń tì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ọlọ́run fi Lásísì kẹ́ mi níbẹ̀. Ọmọ télọ̀ kan ni, Mùsùlùmí, láàárín ìgboro Ọ̀wọ̀. Ó ti débẹ̀ ṣáájú mi. Nígbà tí ó gbọ́ ìró ohùn mi ló mọ ibi tí mo ti wá, nítorí èdè Ọ̀wọ̀ kì í fara pa mọ́ fún ọmọ Ọ̀wọ̀. Èdè náà la ń sọ láàárín ara wa. Èdè tí gbogbo Yorùbá lè kà ni mo ń kọ síhìn-ín, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà gbà dún létí mi.

"Tíṣà," ni Lásísì máa ń pè mí. "Tíṣà, ẹran yìí kò kàwé o. Bí o bá ń ronú, yóò gbá ọ."

Ó gbá mi lọ́jọ́ kan tí mi ò ronú ohunkóhun. Irin òkè há, mo gbójú sókè láti wò ó, ẹnì kan tó wà lẹ́yìn kò mọ̀, ó ti tirẹ̀ wá pẹ̀lú agbára. Ẹ̀yìn ìkọ́ ló bá mi lẹ́nu. N kò tètè mọ ìrora. Ìró ni mo gbọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń pa ẹ̀kùrọ́. Nígbà tí mo wo ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi àti ẹ̀jẹ̀ màlúù ti dà pọ̀, Lásísì sì wà lórí eékún tí ó ń fi ọwọ́ wá eyín mi káàkiri. Ó rí méjì. Ó fi áńkáṣíìfù wé wọn bí ẹni wé ọmọ tuntun, ó dì wọ́n mú títí a fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Ó yọ àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n ti fọ́, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú garawa.

Nílé wa, eyín ọmọdé kì í bọ́ sílẹ̀ lásán. Orí òrùlé ni a ń jù ú sí, kí òmíràn lè hù. Mo wo garawa náà. Ó ní ọmọrí, wọ́n sì dé e.

* * *

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Fúnmi, ọmọ àbúrò rẹ̀, tíṣà l'Ọ́wọ̀, ló máa ń bá wa ṣètò rẹ̀. Ìyá mi yóò gun ọkadà láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, yóò jókòó sí ọ́fíìsì tẹlifóònù láti kùtùkùtù títí agogo yóò fi dún. Kì í sọ ohun púpọ̀. Yóò bi mí bóyá mo jẹun, yóò ní òjò rọ̀ tàbí òjò kò rọ̀, yóò wá dákẹ́, yóò máa gbọ́ èémí mi.

Lẹ́yìn tí ìkọ́ náà gbá mi, mo dúró kí wíwú ẹnu mi lọ sílẹ̀ kí n tó pè. Ẹni tí kò ní eyín iwájú lókè, afẹ́fẹ́ ni í bá a sọ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò lè pe orúkọ Fúnmi. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi ń fọn.

Mo ní, "Ìyá, èmi ni."

Ó ní, "Ta nì yẹn?"

"Èmi ni. Ọmọ yín."

"Ọmọ mi dà? Ẹ fún un ní ẹ̀rọ náà kí ó bá mi sọ̀rọ̀."

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ fún un. Yóò yé yín. Kò sí bí mo ṣe lè sọ fún obìnrin náà pé èjí ti lọ, kí ó sì jẹ́ pé nínú ọ́fíìsì tí ènìyàn kún, níwájú àwọn tó ń dúró de agogo tiwọn, ni yóò ti gbọ́ ọ. Mo ní ọ̀fìnkìn ló ń dà mí láàmú.

Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti mi. "Ọ̀fìnkìn kì í mú ẹnu fọn. Ìwọ ọmọ ẹlòmíràn, o ṣeun tí o fẹ́ tù mí nínú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá ti kú, sọ fún mi. Mo ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún."

Mo pariwo orúkọ rẹ̀, mo ka oríkì ilé wa fún un, gbogbo rẹ̀ ń fọn bí ìkòkò tó ń hó. Ó gbé ẹ̀rọ náà lé Fúnmi lọ́wọ́. Fúnmi sọ fún mi lóṣù kejì pé nígbà tí wọ́n délé ó gé irun rẹ̀, ó wọ aṣọ dúdú, ó sì kọ̀ láti tún wá sí ọ́fíìsì tẹlifóònù. Ó ní òun kò lè máa gun ọkadà wá gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ òkú.

Bàbá Káyọ̀dé náà gbọ́. Ó wá kí i kú ọ̀fọ̀. Fúnmi ní ó jókòó pẹ́, bí ó sì ṣe ń dìde ó bi í bóyá àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìdógùn ti gbọ́, nítorí wọ́n ní láti mọ̀ pé wọn yóò wá mú un nígbà tí ọjọ́ bá pé.

* * *

Wọ́n kọ́kọ́ ṣe eyín tí à ń yọ, tí à ń fi sí fún mi. Àwo pẹlẹbẹ kan ni, ó ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Kò bá mi gbé ní ìrẹ́pọ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó ń dún kẹ́kẹ́. Mo lọ wá iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ kan, mo jókòó níwájú obìnrin tó ń bi mí léèrè, mo fẹ́ sọ pé olùkọ́ ni mí nílé, àwo náà já bọ́ sórí tábìlì láàárín àwa méjèèjì. Obìnrin náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè mú un. Àánú rẹ̀ dùn mí ju ẹ̀gàn lọ.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Lásísì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, àwọn yòókù ń fi ìwé ẹ̀rí hàn, ìwọ ń fi eyín hàn." Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi lórí ẹnu mi. Mo ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Dókítà tó ṣe àwo náà ló sọ fún mi pé ilé ìwòsàn kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn eyín, pé wọ́n ń wá ènìyàn tí wọn yóò gbin eyín fún. Ọ̀nà náà ṣì tuntun nígbà náà. Wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wò ó. Mo gbà. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ iná funfun, àwọn ọ̀dọ́ tó dà bí àwọn tí mo ti kọ́ rí yí mi ká, ẹnu mi wá di pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ wọn níṣẹ́.

Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́, wọ́n la èrìgì mi, wọ́n fi ẹ̀rọ lu ihò sínú egungun àgbọ̀n òkè. Kò dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú gbogbo orí mi, bí káfíńtà tó ń lu igi nínú ilé tí mo wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi ìṣó irin kéékèèké sínú àwọn ihò náà, irú èyí tí ara rẹ̀ lọ́, tí à ń yí wọlé. Wọ́n rán èrìgì padà lé e lórí. Dókítà àgbà, ọkùnrin onírun funfun kan tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ gan-an, ṣàlàyé fún mi pé wọn yóò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí ìdajì ọdún. Ó ní egungun yóò dàgbà yí irin náà ká, yóò dì í mú, tí ó fi jẹ́ pé kò ní sí ẹni tó lè yà wọ́n mọ́. Ìgbà náà ni wọn yóò tó ṣí èrìgì, tí wọn yóò fi eyín dé e lórí.

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ náà gan-an ní gbogbo oṣù tí mo fi ń dúró. Mo ń ti ẹran, ìṣó mẹ́rin wà nínú àgbọ̀n mi lábẹ́ èrìgì, wọ́n ń ta gbòǹgbò. Irin àjèjì ni wọ́n, ara mi sì gbà wọ́n. Èmi náà àjèjì ni mí nínú ilẹ̀ yẹn, mo ti pẹ́ níbẹ̀ ju ìṣó lọ, kò sì sí ibì kan tí ó dì mí mú. Bí mo bá kúrò nínú yàrá mi lọ́jọ́ yẹn, wọn yóò fọ ilẹ̀, ẹlòmíràn yóò wọlé. Mo máa ń fi ahọ́n kan ibẹ̀ nígbà tí mo bá wà nínú ọkọ̀, láàárín àwọn tí kì í wo ojú ara wọn. Ó kéré tán, ohun kan ń lọ déédéé.

Kí wọ́n tó ṣe eyín náà, dókítà àgbà ní kí n mú àwòrán tí mo yà nígbà tí eyín mi pé wá. Èyí tí mo ní kò ju ti ìwé ìrìnnà lọ, ẹnu mi sì wà ní pípadé nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó yà á l'Ọ́wọ̀ ti kìlọ̀ fún mi pé wọn kì í fẹ́ ẹ̀rín nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Mo wá fi ẹnu ṣàlàyé. Mo sọ fún un pé àlàfo wà láàárín méjì iwájú. Mo fi èékánná hàn án bí ó ṣe fẹ̀ tó. Ó fi sùúrù gbọ́ mi, ó mi orí. Ọkàn mi balẹ̀. Níbi tí mo ti wá, bí o bá sọ fún ènìyàn pé o ní èjí, kò sí ohun tí ó tún kù láti ṣàlàyé.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, wọ́n gbé dígí lé mi lọ́wọ́. Eyín mẹ́rin tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n fara kan ara wọn pẹ́kípẹ́kí, wọ́n funfun, wọ́n gún. Abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín wọn kọjá. Dókítà àgbà ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdùnnú: ó ní ọkùnrin yìí ní àlàfo tí kò sẹ́ni tó bá a tún ṣe láti kékeré ní ìlú rẹ̀, ó ti ráhùn rẹ̀ fún òun, òun sì ti bá a dí i láìjẹ́ pé ó tún san nǹkan mìíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan nínú wọn ń nu ojú.

Kí ni ènìyàn ń wí nírú ibẹ̀? Wọ́n ti ṣe mí lóore. Mo dìde, mo tẹrí ba, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ tán ni mo tó bi dókítà bóyá ó ṣeé ṣí padà. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Ó ní àfi kí wọ́n fọ́ ọ, kí ni ènìyàn yóò sì fọ́ irú iṣẹ́ yìí fún? Mo tún dúpẹ́, mo bọ́ síta.

* * *

Mi ò ní ṣe aláìmoore. Àwọn ọjọ́ dáadáa tẹ̀ lé e. Lásísì rí àgbàdo rà ní ọjà kan, a sun ún lórí iná gáàsì títí ó fi jóná díẹ̀díẹ̀ bí tilé, mo sì fi eyín iwájú gé e. Òun náà kò jẹ tirẹ̀, ó ń wò mí. Ó ní, "Tíṣà, rọra. Ṣé o fẹ́ jẹ ṣùkù mọ́ ọn ni?"

Mo pe Fúnmi, mo sì pe orúkọ rẹ̀ tààrà, kò fọn. Ó figbe ta. Ó lọ bẹ ìyá mi, ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kí ó wá lẹ́ẹ̀kan péré, bí kì í bá ṣe ohùn ọmọ rẹ̀ òun kò tún ní dá a láàmú mọ́ láéláé.

Mo gbọ́ tí ó gbé ẹ̀rọ náà sétí.

Mo ní, "Ìyá, ṣé òjò rọ̀?"

Mo gbọ́ ohun kan bí ìgbà tí àpò iṣu bá já. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ́fíìsì náà. Ó ń sọ fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pé, "Òun ni. Òun ni. Ó ní ṣé òjò rọ̀." Ó bọ́ aṣọ dúdú. Kò bi mí ohun tó ti ṣe ohùn mi rí. Ó ní, "Ṣé ò ń rẹ́rìn-ín fún wọn níbẹ̀?" Mo ní mò ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún púpọ̀ kọjá lẹ́yìn ìyẹn. Ìwé tí yóò jẹ́ kí n lè lọ kí n sì padà kò bọ́ sí i. Bí mo bá jáde, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Mò ń fojú sọ́nà lọ́dọọdún, mò ń gbọ́ ohùn ìyá mi tó ń tín-ín-rín sí i lórí ẹ̀rọ. Lásísì kú síbẹ̀. Àyà ló ń dùn ún, ó ní òtútù ẹran ni, kò sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. A sin ín sí itẹ́ àwọn Mùsùlùmí ní ìpẹ̀kun ìlú, lábẹ́ òjò wínníwínní, láàárín àwọn tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́ èdè Ọ̀wọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n ó lọ sílé, kí ilẹ̀kùn máa tì.

* * *

Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ ni mo dé. Ìyá mi wà lórí ibùsùn. Ojú rẹ̀ ti ṣú, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí, kì í rí ènìyàn. Ó mọ ohùn mi kí n tó kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó fọwọ́ pa etí mi, ó ní mo ti rù. Fúnmi ń sunkún nídìí ilẹ̀kùn.

Ó wá ní, "Rẹ́rìn-ín."

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí i pé kò rí i, mo dúpẹ́ lọ́kàn mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó wá ẹnu mi, ó fi ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ kan eyín iwájú. Ìka náà rọra rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún, ó padà. Èékánná rẹ̀ ń wá ibi tí yóò wọ̀. Ó tún lọ, ó tún padà. Mo gbọ́ ìró náà nínú agbárí mi.

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Kò bínú, kò sunkún. Ó ní kí Fúnmi ti ilẹ̀kùn.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìkọ́, garawa, dókítà, àtẹ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Wọ́n bá ọ dí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Wọn kò mọ̀. Bàbá Káyọ̀dé ṣì wà láyé. Ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀. Bí mo bá kú, má rẹ́rìn-ín fún wọn. Má lanu níwájú rẹ̀ títí ẹ ó fi bò mí."

Ó lò tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. A ń sọ̀rọ̀ òjò. Nígbà tí ó lọ, bí ẹni tó sùn ni.

Arúgbó ló kú, kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Àwọn ènìyàn wá láti Ọ̀wọ̀ àti láti Ìdógùn, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá mi yọ̀. Mo pa ètè mi mọ́. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ń tẹrí ba, mo ń sọ ọ́ sínú àyà mi. Wọ́n ní òyìnbó ti gba ẹ̀rín lẹ́nu mi. Bàbá Káyọ̀dé dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó jókòó síwájú mi gan-an, kò sì gbé ojú kúrò lẹ́nu mi. Àwọn ará Ìdógùn ti mú ọkọ̀ wá, bí ó bá jẹ́ pé wọn yóò gbé e padà. Ọkọ̀ náà dúró sábẹ́ igi, ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Mo fi ọwọ́ hàn àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ibi tí wọn yóò gbẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Wọ́n wo Bàbá Káyọ̀dé. Bàbá Káyọ̀dé ń wò mí. Kò wí nǹkan kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ẹ.

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n rọ́ iyẹ̀pẹ̀ lé e títí ó fi ga. Ẹni tó ń ya àwòrán ní kí àwa ọmọ ilé tò, kí a rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti bò ó, mo lè lanu nígbà náà. Ẹnu mi kò ṣí.

Bàbá Káyọ̀dé fi ọ̀pá rẹ̀ kàn mí lẹ́sẹ̀. Mo rò pé ohun tí mò ń bẹ̀rù dé nìyẹn. Ó tẹ̀ síwájú, ó wò mí títí, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ ẹ́ bíi ti ẹni tó ti rìn jìnnà.

Ó ní, "Èjí, èjí, ni wọ́n fi dí mi lẹ́nu ní gbogbo ọjọ́ yìí. Ta ló rí èjí lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi? Kì í rẹ́rìn-ín. Bí ó ṣe máa ń panu mọ́ nìyí. Bí o ṣe dúró yìí gẹ́lẹ́." Ó mi orí. "Ọmọ rẹ̀ ni ọ́."

Ó sọ ọ́ sókè, gbogbo ilé gbọ́. Àwọn ará Ìdógùn gbọ́, wọ́n ń ti ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn. Mo bojú wo iyẹ̀pẹ̀ tútù náà. Àwọn tó gbẹ́ ẹ ti ń fi ẹ̀yìn ọkọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí òjò má baà wọ̀ ọ́.